Ẹ Mọ Ohun Tí Obìnrin Inú Ìtàn Yín Ń Wá

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin inú ìtàn wa jẹ mí lógún. Ní ọdún 1985, Alison Bechdel, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, gbé òṣùwọ̀n kan jáde: kí obìnrin wà nínú ìtàn, ó kéré tán méjì, kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ náà má sì jẹ́ ti ọkùnrin. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni.

Kí ẹ tó kọ ìtàkùrọ̀sọ kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ń wá àti ohun tí kò fẹ́ kí ẹnì kejì mọ̀. Bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bá ń jiyàn lórí títa ilé ìyá wọn, tí ẹ̀gbọ́n sì ti jẹ gbèsè tí kò lè jẹ́wọ́ rẹ̀, kò ní sọ pé owó ni òun nílò, yóò ní, “Òrùlé yẹn ti ń jò jù.” Àbúrò tó ti fura lè bi í pé, “Ìgbà wo lẹ débẹ̀ kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi?” Gbólóhùn méjì péré, a ti mọ ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣàṣìṣe, kí wọ́n bínú láìtọ́, kí wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn dunjú, nítorí obìnrin tí kò ní àléébù kankan kò jọ ènìyàn rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ọ̀rọ̀ wọn sókè láìdárúkọ ẹni tó ń sọ ọ́. Bí ohùn wọn kò bá yàtọ̀ síra, ẹ tún un kọ.