Kí ẹ tó ta láptọ́ọ̀pù yín: bí a ṣe ń pa fáìlì àṣírí rẹ́ tí kò fi ní ṣeé gbé dìde mọ́

Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti fi ṣiṣẹ́ fún ọdún bíi mélòó kan ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ì báà jẹ́ ní Òkè-Fìà, Alékúwodò tàbí lẹ́bàá Ọláìyá ní Òṣogbo, kì í ṣe ẹrù lásán. NIN àwọn ènìyàn wà nínú rẹ̀, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ìwé ẹ̀rí WAEC, fọ́ọ̀mù JAMB, nọ́ńbà àkáǹtì, ìwé àdéhùn ilẹ̀. Tí ọjọ́ títà bá dé, ẹni tó ni ín á tẹ Delete, á tú Recycle Bin dànù, á sì gbà pé ó ti parí. Kò tíì parí rárá. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì sọ pé kí a má tọ́jú ìsọfúnni ẹni ju àsìkò tí a nílò rẹ̀ lọ, nítorí náà dandan ni ká pa ti àwọn oníbàárà rẹ́ dáadáa, kì í ṣe oore tí à ń ṣe fún wọn.

Gbogbo ohun tí Delete ń ṣe ni pé ó ń mú fáìlì kúrò nínú àkọsílẹ̀ tí Windows fi ń mọ ibi tí nǹkan wà. Bí ìgbà tí wọ́n yọ pátákó orúkọ kúrò lẹ́nu géètì ni; onílé ṣì wà nínú ilé. Recuva tàbí PhotoRec, àwọn irinṣẹ́ tó ń gbé fáìlì tí a ti pa dìde, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í béèrè pátákó. Inú ilé gan-an ni wọ́n ń wọ̀. Quick Format náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ irú dísìkì tó wà nínú ẹ̀rọ yín. Ẹ tẹ “Defragment and Optimize Drives” síbi tí a ti ń wá nǹkan nínú Windows, kí ẹ wo abẹ́ “Media type”. Hard disk drive ni èyí tó ní àwo tó ń yí nínú. Solid state drive ni SSD, tí kò ní àwo, inú ṣíìpù ló ń kọ nǹkan sí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, torí ọgbọ́n tó ṣiṣẹ́ lórí ọ̀kan kì í ṣiṣẹ́ lórí èkejì.

Háàdì dísìkì tó ń yí

Ẹ kọ nǹkan míì lé ojú ibi tí fáìlì wà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó. Àwọn kan á ní dandan ni kó jẹ́ ìgbà 35. Láti inú iṣẹ́ tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Peter Gutmann, kọ ní 1996 ni iye yẹn ti wá, fún àwọn oríṣi dísìkì ayé ìgbà náà. Àjọ NIST ti Amẹ́ríkà, nínú ìlànà rẹ̀ tó ń jẹ́ 800-88, gbà pé kíkọ lẹ́ẹ̀kan tó fún dísìkì òde òní. Ẹ má fi iná àti àkókò ṣòfò.

Tó bá jẹ́ fódà kan péré lẹ fẹ́ pa rẹ́, ẹ gba SDelete lórí ojúlé Microsoft. Ẹ fi “Run as administrator” ṣí Command Prompt, kí ẹ lọ sí fódà tí ẹ tú SDelete sí, kí ẹ wá tẹ:

sdelete -p 1 -s D:\Onibara

-p 1 ni pé kó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, -s ni pé kó wọ inú àwọn fódà kéékèèké tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ka orúkọ fódà náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ Enter, torí kò sí Recycle Bin tó máa gbà yín sílẹ̀.

Àwọn fáìlì tí ẹ ti pa tipẹ́ ńkọ́? Ẹ pa gbogbo ohun tó ṣí dé, kí ẹ tẹ cipher /w:D:\ síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa kọ nǹkan sí gbogbo ibi tó ṣófo. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́, Windows lè kígbe pé dísìkì ti kún. Ẹ má jáyà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n tí iná bá lọ láàárín, fódà kan tó fara pamọ́ tó ń jẹ́ EFSTMPWP á ṣẹ́kù sínú D, dísìkì á sì kún lóòótọ́. Ẹ pa fódà yẹn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Tí ẹ bá fẹ́ ta ẹ̀rọ náà, gbogbo dísìkì ni kí ẹ nù. Ẹ yọ ọ́, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà míì, kí ẹ tẹ diskpart, irinṣẹ́ dísìkì inú Windows, sínú Command Prompt. Ẹ tẹ list disk, kí ẹ fi bí dísìkì ṣe tóbi tó dá tiyín mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ select disk pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ wá tẹ clean all. Ẹni tó bá ṣi nọ́ńbà yìí mú, dísìkì tí kò fẹ́ nù ló máa nù. Diskpart kì í fi hàn pé òun ti dé ibì kan, nítorí náà ọ̀pọ̀ máa ń rò pé ó ti há. Kò há. Tí dísìkì bá ń gba 100 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 1 TB á gbà tó wákàtí 3. Lójú USB 2.0, ó lè tó wákàtí 9. Ẹ má fi iná NẸ́PÀ nìkan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Òṣogbo. Ẹ ti ní ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ nítòsí.

SSD

SSD kì í kọ nǹkan sójú ibi tí ẹ rò pé ó ń kọ ọ́ sí. Kí ara rẹ̀ má bàa tètè gbó, ó máa ń pín iṣẹ́ kiri inú rẹ̀, nítorí náà SDelete lè kọ tuntun síbòmíì kí ti àtijọ́ ṣì jókòó síbi tó wà. Àṣẹ tí wọ́n kọ́ mọ́ dísìkì náà fúnra rẹ̀, Secure Erase, ló yẹ ká pè. Lórí ọ̀pọ̀ Dell Latitude, ẹ tẹ F2 bó ṣe ń tàn, ẹ lọ sí Maintenance, ẹ wá Data Wipe. Lórí HP EliteBook, F10 ni. Ẹ wò ó lábẹ́ Security. Ó lè parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n tí iná bá kú lójú ẹ̀, dísìkì lè ti ara rẹ̀ pa. Bátìrì láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kì í sábà ṣeé gbára lé, nítorí náà ẹ kí i bọ ínfátà. Ẹ má sì gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú okùn USB. Àṣẹ náà kì í sábà gba ibẹ̀ kọjá.

Tí ẹ ò bá rí i, ẹ lo Reset this PC, ẹ mú Remove everything, ẹ wọ Change settings, kí ẹ tan Clean data.

Ohun tó dára jù ni pé kí ẹ ti tan BitLocker, tó ń yí ohun inú dísìkì padà sí àmì tí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò lè kà, látọjọ́ tí ẹ ra ẹ̀rọ, tàbí VeraCrypt tí kò gba owó. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí ẹ ti ń lò, ẹ mú “Encrypt entire drive”, torí èyí tó ní “used disk space only” kì í kan àwọn fáìlì tí ẹ ti pa.

Fílááṣì àti mẹ́mọ́rì káàdì jọ SSD, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà ní Secure Erase. Èyí tí àṣírí ńlá bá ti wọ̀, ẹ má tà á, ẹ fọ́ ọ.

Ẹ̀dà tó wà níbòmíì

Ẹ wo Downloads, Sent nínú í-meèlì, WhatsApp orí kọ̀ǹpútà, àti fódà Windows.old. Pàǹtírí Google Drive máa ń pa nǹkan mọ́ fún ọjọ́ 30 àfi tí ẹ bá tú u dànù fúnra yín. Ẹ wọ System Protection, ẹ tẹ Configure, kí ẹ tẹ Delete, torí ẹ̀dà àtijọ́ fáìlì máa ń wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ẹ̀dà ńláńlá inú ọ́fíìsì náà lè ní dísìkì tirẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ẹ gbé PhotoRec lé dísìkì tí ẹ ti nù pátápátá. Tó bá rí fọ́tò kan péré, iṣẹ́ ò tíì parí.

Dísìkì tó ti kú

Èyí tí kọ̀ǹpútà kò rí mọ́ kò ṣeé nù, ṣùgbọ́n dátà wà nínú rẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà kò lè pa á, SSD kò tilẹ̀ mọ mágínẹ́ẹ̀tì. Ẹ má dáná sun ún, èéfín rẹ̀ ń pani lára. Ẹ fi ṣúkúdíráfà Torx, èyí tí ẹnu rẹ̀ rí bí ìràwọ̀, tú ìdérí háàdì dísìkì, kí ẹ ba àwọn àwo inú rẹ̀ jẹ́. Ti láptọ́ọ̀pù sábà máa ń jẹ́ gíláàsì, ó ń fọ́ yángá, nítorí náà ẹ wé e sínú aṣọ kí ẹ tó lù ú, kí ẹ sì wọ ìgò ojú. Fún SSD, àwọn nǹkan dúdú onígun mẹ́rin orí rẹ̀ ni kí ẹ fọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó kó o fún àwọn tó ń ra àlòkù irin.