Bí mo ṣe ń mú àlejò rìn ní Coney Island

Bí ẹ bá gba àlejò ní Brooklyn ní New York, tí ẹ fẹ́ mú un lọ sí Coney Island, etíkun tí àwọn ọgbà ìgbafẹ́ wà, ẹ má sọ̀ ní Stillwell Avenue tí gbogbo èrò ti ń sọ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin F tàbí Q, kí ẹ sọ̀ ní West 8th Street, kí ẹ wá máa rìn lọ sí apá ìwọ̀ oòrùn. Gbogbo ibi tí ẹ bá dé, ẹ bi ara yín pé: kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀?

Aquarium, ibi tí wọ́n ti ń fi ẹja àti ẹranko inú omi han èèyàn, ni ẹ ó kọ́kọ́ bá. Ilẹ̀ Dreamland nìyẹn, ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ṣí ní 1904. Lóru ọjọ́ kan ní oṣù karùn-ún 1911, nígbà tó ku wákàtí díẹ̀ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọdún yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ọ̀dà gbígbóná dí ibi tó ń jò ni iná bá sọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti di eérú. Wọn ò sì tún un kọ́.

Ẹ sáré kọjá àwọn tó ń ta aṣọ, kí ẹ lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Cyclone, roller coaster onígi (ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń sáré gòkè sọ̀ kalẹ̀ lórí irin) tó ti wà láti 1927. Ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ dúró títí ọkọ̀ yóò fi kọjá lókè orí yín, kí ẹ gbọ́ bí igi ṣe ń ké, bí ó ṣe ń mì, tí ó tún ń padà sí àyè rẹ̀. Ìjọba ìlú rà á ní 1969, wọ́n fẹ́ wó o kí Aquarium lè gbòòrò. Àwọn èèyàn figbe ta. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń sọ ìyẹn fún àlejò.

Ó kan Wonder Wheel, àgbá ńlá tó ń gbé èèyàn lọ sókè nínú àwọn yàrá kéékèèké, tó ti ń yí láti 1920. Bí àgbàlagbà bá wà pẹ̀lú yín, yàrá funfun ni kí ẹ bọ́ sí. Àwọn aláwọ̀ pupa àti búlúù ń yọ̀ síwá sẹ́yìn. Tí ẹ bá dókè, ẹ wo pápá baseball tó wà ní etíkun: ibẹ̀ ni Steeplechase, ọgbà ìgbafẹ́ mìíràn, wà láti 1897. Iná jó o ní 1907; George Tilyou tó ni ín gba sẹ́ǹtì 10 lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wo àlàpà rẹ̀, ó sì tún un kọ́. Iná kọ́ ló pa á. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, èèyàn ra mọ́tò, wọ́n ń lọ sí etíkun tó jìnnà. Wọ́n tì í ní 1964. Fred Trump, oníṣòwò ilé kíkọ́, rà á, ó sì wó o ní 1966. Ilé gbígbé tó fẹ́ kọ́ síbẹ̀ ò ṣeé ṣe, ilẹ̀ náà wà lófìfo fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Parachute Jump ni kí ẹ fi parí rẹ̀, òpó irin pupa tí wọ́n gbé wá láti ibi àfihàn àgbáyé 1939; okùn ni wọ́n fi ń fa èèyàn lọ sókè rẹ̀ nígbà náà, kí wọ́n tó fi parachute sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ìyá ọkọ mi wá, wọ́n gbójú sókè pẹ́, wọ́n wá bi mí pé, “Okùn rẹ̀ dà?” Kò sí okùn mọ́, Màmá. A jókòó sórí bẹ́ńṣì títí ilẹ̀ fi ṣú, tí wọ́n tan iná sí i lára.