Bí mo ṣe gbin igi òrí láti inú kóró rẹ̀

Òrí ni ìyá mi àgbà fi ń pa wá lára nígbà ọyẹ́. Gbogbo igi òrí tó wà lóko wọn ló ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí wọn. Kò sẹ́ni tó gbìn ín. Lọ́dún 2023, mo dé oko náà, mo rí i pé àwọn tó ń sun èédú ti gé mẹ́ta lulẹ̀. Ó dùn mí dọ́kàn. Mo ní èmi yóò gbin òmíràn.

Ogójì kóró ni mo rà lọ́jà, gbígbẹ táútáú. Oṣù mẹ́ta ni mo fi bomi rin wọ́n, ìkankan kò hù. Mo lọ bá ìyá kan ní agbègbè Ṣakí tó ti ń ṣa èso òrí láti kékeré. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, kí ló dé tí tèmi ò hù?" Wọ́n bi mí níbi tí mo ti rí i. Mo ní ọjà ni. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọ́n ti sè é kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Ẹyin tí wọ́n bọ̀, ṣé ó lè pa?"

Ìyẹn ni pé kóró tútù ni kí n wá. Oṣù kẹfà ọdún 2024, èmi àti ìyá náà dé ìdí igi ní ìdájí, a ṣa èyí tó já lóru. A jẹ ẹran ara rẹ̀, ó dùn, ó sì rọ̀. Kóró inú rẹ̀ ń dán bí ohun tí wọ́n fi epo pa, àfi ẹ̀gbẹ́ kan tó funfun ráúráú. N kò jẹ́ kí oòrùn rí i. Kóró òrí kì í fara da gbígbẹ. Bí ó bá pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀, agbára rẹ̀ ti lọ. Àpò tútù ni mo fi wé e délé, ọjọ́ kejì ni mo gbìn ín.

Gbòǹgbò rẹ̀ ń wá ìsàlẹ̀ kí ewé tó yọ, nítorí náà ọ̀rá kúkúrú kò dáa. Mo gé àpò sìmẹ́ǹtì, mo rán an tóóró, ó gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé ìka. Iyẹ̀pẹ̀, yanrìn àti ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà ni mo pò sínú rẹ̀. Mo fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo gbogbo rẹ̀ nítorí òkété.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, ilẹ̀ dákẹ́. N kò lè mú un mọ́ra, mo hú ọ̀kan. Kóró náà ti là lẹ́nu, ohun funfun kan tó nípọn ti ibẹ̀ jáde, ó wọlẹ̀ lọ tààrà, ó gùn tó ìka mi. Kò sí ohunkóhun tó kọjú sókè. Ìsàlẹ̀ ohun funfun yẹn gan-an ni ọ̀mùnú ti máa ń yọ, yóò wá lu ilẹ̀ padà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóró. Èyí tí mo hú kú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni àkọ́kọ́ yọ, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Nínú ogójì kóró tútù tí mo gbìn, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló yè.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, ewé gbogbo wọn gbẹ, igi náà gbẹ mọ́lẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n mo ń bomi rin ín lọ, torí gbòǹgbò kì í bá a kú. Òjò oṣù kẹrin ọdún 2025 rọ̀, wọ́n tún rú.

Oṣù keje ni mo lọ́ mẹ́rìnlá lọ sóko. Kò sí èyí tó ga ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, síbẹ̀ gbòǹgbò wọn ti kan ìsàlẹ̀ àpò. Oṣù kẹjọ, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó kóró òrí tí a kò tíì sọ di òrí lọ sókè òkun fún oṣù mẹ́fà, kí a lè máa ṣe òrí nílé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n igi tí wọ́n ti sun di èédú, kóró wo ni yóò so? Igi òrí tí a gbìn láti inú kóró a máa gbà tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kó tó so.

Ẹ̀gún ni mo fi yí tèmi ká nítorí ewúrẹ́. Láàárọ̀ yìí mo ka ewé èyí tó ga jù: mọ́kànlá.