Bí Ẹ Ó Ṣe Ka Ìtẹ́ Idì Orí Funfun Láìlé Ẹyẹ Kúrò Lórí Ẹyin

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti onílé tí ilẹ̀ yín wà lẹ́bàá omi ní agbègbè Chesapeake, ní Amẹ́ríkà, la kọ ìwé yìí fún. Ní 1963, tọkọtaya idì tí wọ́n mọ̀ pé ó ń tẹ́ ìtẹ́ ní ìpínlẹ̀ 48, láìka Alaska àti Hawaii, kò tó 500. Oògùn kòkòrò DDT ló sọ èèpo ẹyin wọn di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó ń fọ́ mọ́ ìyá lábẹ́. Wọ́n fòfin de DDT ní 1972. Ní 2007 ni idì kúrò nínú ìwé ẹ̀dá tó wà nínú ewu, ṣùgbọ́n kíkà rẹ̀ ò dúró.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ wo ìtẹ́ kan. Ti àkọ́kọ́ bọ́ sí Oṣù Kejì sí àárín Oṣù Kẹta, kí igi tó rúwé. Ẹ jìnnà tó 200 mítà, kí ẹ sì jókòó sínú mọ́tò, torí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ń já idì láyà ju ọkọ̀ lọ. Ẹ fi awò ọ̀nà jíjìn wò ó. Bí ara ẹyẹ bá rì sínú ìtẹ́, tó jẹ́ orí funfun nìkan ló yọ létí, tí kò sì kúrò níbẹ̀, ó ti sàba nìyẹn. Idì méjì tó dúró ti ìtẹ́ náà tó ẹ̀rí. Ọ̀kan tó kàn bà sórí igi ò tó. Bó bá dìde nítorí yín, ẹ ti sún mọ́ jù. Ẹ kúrò kíá, kí òtútù má baà mú ẹyin.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ iye ọmọ. Ẹyin ń gbà tó ọjọ́ 35 kó tó pa. Ẹ ka ọmọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn. Bó bá pẹ́ kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n lè ti fò lọ, ẹ ó wá kọ òdo síbi tí ọmọ méjì ti jáde. Ibi tí ẹ dúró sí tẹ́lẹ̀ náà ni kí ẹ tún dúró sí: ọmọ tí ìyẹ́ rẹ̀ ò tíì gbó lè bẹ́ sílẹ̀ bẹ́rù bá bà á.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí ni ìtẹ́ òfìfo. Tọkọtaya kan lè ní ìtẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, kó máa lo ọ̀kan lọ́dún. Ẹni tó ka gbogbo rẹ̀ ti sọ ìdílé kan di mẹ́ta, ẹni tó sì pa òfìfo rẹ́ ti sọ ààyè di òkú. Ẹ wo àwọn igi ńlá tó wà nítòsí kí ẹ tó pinnu. Nígbà míì, òwìwí ló ti gba ìtẹ́ náà. Ti osprey, ẹyẹ kan tó ń pẹja jẹ, máa ń wà ní góńgó orí igi tàbí lórí òpó. Ti idì sábà máa ń wà ní oríta ẹ̀ka, lábẹ́ góńgó. Ọmọ idì tí ò tíì pé bí ọdún márùn-ún kì í lórí funfun. Àwọn kan ń pè é ní igún!

Ìtẹ́ tuntun kì í sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí U.S. Fish and Wildlife Service, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ẹja àti ẹranko igbó, fi ń fi bàálù kékeré wo àwọn ilẹ̀ tó jẹ́ kìlómítà 10 níbùú lóròó, wọ́n á wá fi wé àwọn ìtẹ́ tí wọ́n ti mọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ṣírò ìtẹ́ 71,467 tí idì ń lò fún 2018 sí 2019.

Ẹ kọ ọjọ́, aago, irú igi àti ohun tí ẹ rí, òfìfo pẹ̀lú, ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ẹranko igbó ìpínlẹ̀ yín. Ẹ má gbé ojú ibẹ̀ sórí Facebook. Ìyẹ́ tó bá bọ́ sábẹ́ igi, ẹ fi í síbẹ̀: òfin tí wọ́n ṣe ní 1940 ò gbà kí èèyàn mú un lọ sílé láìní ìwé àṣẹ.