Bí dókítà tuntun ṣe lè rí àyè housemanship ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyè housemanship, ìyẹn iṣẹ́ ọdún kan tí dókítà tuntun máa ń ṣe ní ilé ìwòsàn lábẹ́ àwọn ọ̀gá, ẹ kó gbogbo ìwé yín sórí tábìlì, kí ẹ ka orúkọ tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà-lẹ́tà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń dojú rú. Ní Ìlọrin, orúkọ kan ṣoṣo lè ní àwọ̀ mẹ́ta: Abdulrahman lórí ìwé WAEC, Abdulrahaman lórí NIN, Abdur-Rahman ní báńkì. Sulaiman àti Sulyman náà wà ńbẹ̀. Aládùúgbò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni, kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí MBBS, ìyẹn oyè dókítà yín, ni kí ẹ dì mú. Ẹ kọ́kọ́ tún NIN ṣe lọ́dọ̀ NIMC, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e lọ sí báńkì fún àtúnṣe BVN. Obìnrin tó ti wọ ilé ọkọ tó sì ti yí orúkọ padà yóò gba ìwé ìbúra ní kóòtù, yóò sì ṣe ìkéde nínú ìwé ìròyìn. Àtúnṣe yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, torí náà ẹ má dúró títí portal, ìyẹn ìkànnì tí ẹ ó ti wá àyè, yóò fi ṣí.

MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, ló ń fún yín ní ìforúkọsílẹ̀ onígbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti búra. Láìsí ìwé yẹn, ẹ kò lè bẹ̀rẹ̀ housemanship. Ẹni tó kàwé jáde ní òkè òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò MDCN ná.

Oṣù méjìlá ni iṣẹ́ náà, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ní ẹ̀ka mẹ́rin: ìtọ́jú àgbàlagbà, iṣẹ́ abẹ, ìtọ́jú ọmọdé, àti aboyún òun àrùn obìnrin.

Ọ̀nà méjì ló wà. MDCN ní portal tí wọ́n fi ń pín àwọn dókítà sí ilé ìwòsàn. Àwọn ilé ìwòsàn kan sì ń gba ènìyàn fúnra wọn. Àwọn yìí ni ẹ máa kọ lẹ́tà sí, lórúkọ ọ̀gá àgbà wọn. Ohun tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré rèé: ẹ rí i dájú pé MDCN fọwọ́ sí ilé ìwòsàn náà fún housemanship, kí ẹ sì béèrè iye àyè tí wọ́n fọwọ́ sí fún un. Bí ibẹ̀ tilẹ̀ kún fún dókítà àgbà, bí kò bá ti ní ìfọwọ́sí, ọdún kan tí ẹ lò níbẹ̀ kò ní wọ inú ìṣirò.

Fún ti portal, àyè kì í tó àwọn tó ń wá a. Ẹ skáànù ìwé yín sílẹ̀ ní PDF, kí fáìlì má wúwo, kó sì ṣeé kà kedere. Ẹ ní dátà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì. Ẹ má lo ímeèlì ilé ìwé, torí wọ́n lè ti í pa lẹ́yìn tí ẹ bá jáde, kí lẹ́tà yín sì ráre. Ẹ máa wo inú spam lójoojúmọ́, nítorí ọjọ́ ìwọṣẹ́ ní gbèdéke, ẹni tí kò bá sì yọjú lè pàdánù àyè rẹ̀.

Ibo ni kí ẹ yàn? Tí ẹ bá láǹfààní láti yàn, ẹ lọ sí ibi tí aláìsàn ti pọ̀, tí consultant, ìyẹn dókítà àgbà tó jẹ́ ọ̀gá ní ẹ̀ka rẹ̀, sì wà ní ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ilé yín àmọ́ tí kò sí ẹni tó máa kọ́ yín níṣẹ́ kò ní ṣe yín lóore. Oke-Ose, lójú ọ̀nà Jebba àtijọ́, ni UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, wà, ó sì jìnnà sí àárín ìlú. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Òmù-Àrán tàbí Ọ̀fà má ṣe rò pé òun á máa lọ máa bọ̀: iṣẹ́ òru ń bẹ, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ mọ́jú kò sì yẹ lójú ọ̀nà jíjìn. Ẹ gba yàrá sí ìtòsí, kí ẹ sì tọ́jú owó oúnjẹ oṣù méjì tàbí mẹ́ta, torí owó oṣù àkọ́kọ́ máa ń falẹ̀.

Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni ẹ mú ní ọ̀kúnkúndùn. Ẹ gbà pé wọ́n ní wọ́n gbé ọmọ ọdún mẹ́ta dé, gìrì mú un, kò sì mọ ènìyàn mọ́. Ẹ má kọ́kọ́ dárúkọ oògùn. Ẹ ní ẹ máa dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa mú kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹ máa fún un ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, ẹ máa ṣàyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ẹ máa dá gìrì náà dúró. Bí àyẹ̀wò bá fi ibà líle hàn, ẹ ní ẹ máa fún un ní abẹ́rẹ́ ibà artesunate, 3 mg fún kílò kan nígbà tí ọmọ kò bá tíì pé kílò 20 (2.4 mg ni tó bá tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ), lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn wákàtí 12 àti 24. Ẹ má gbàgbé láti sọ pé ẹ máa pe ọ̀gá yín. Dókítà tuntun tó ń ṣe bíi pé òun lè dá gbogbo rẹ̀ ṣe máa ń kó jìnnìjìnnì bá àwọn tó ń bi í ní ìbéèrè.

Ẹ tètè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni: àkọ́kọ́, lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Abẹ́rẹ́ máa ń gún dókítà tuntun, pàápàá lóru tí oorun bá ń kùn wọ́n.

Bí ẹ bá ti wọṣẹ́, ẹ gba ìbuwọ́lùwé consultant kí ẹ tó kúrò ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn gan-an. Ẹni tó sún un di òpin ọdún lè bá a pé consultant ti fẹ̀yìn tì, tàbí pé ó ti já pa lọ sí ìlú òyìnbó. Bí ẹ̀ka kan bá ní iṣẹ́ yín kò tíì tẹ́ àwọn lọ́rùn, wọ́n lè ní kí ẹ tún un ṣe, torí náà ẹ béèrè ní àárín oṣù kejì ibi tí ẹ kù sí, nígbà tí àyè àtúnṣe ṣì wà. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, ẹ fi ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí MDCN fún ìforúkọsílẹ̀ pípé, kí ẹ ṣe fótòkọ́pì rẹ̀ pa mọ́, lẹ́yìn náà ni NYSC kàn.