Ohun tó ń pa ìwé àṣẹ sponsor ní Ìlú Ọba: àwọn àṣìṣe tí ẹ má ṣe dán wò

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni àwọn méjì láti Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó físà, wọ ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà tí mo ń bá tọ́jú fáìlì nígbà náà. Wọn ò fi lẹ́tà ránṣẹ́ ṣáájú. Ọ̀gá wa, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, sáré gbé tíì kalẹ̀ fún wọn. Wọ́n dúpẹ́, wọn ò mu ún. Gbogbo wa ti ń múra ọkàn sílẹ̀ pé físà ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Wọn ò béèrè físà. Wọ́n ní kí a fún àwọn ní àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù tí òṣìṣẹ́ mẹ́rin ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́. Méjì nínú wọn ti kó kúrò nínú ilé tó wà nínú fáìlì láti bí oṣù mẹ́jọ. A sì mọ̀ o. Èmi gan-an bá ọ̀kan nínú wọn gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sílé tuntun. A ò kàn kọ ọ́ síbì kankan ni.

Ohun tí mo rí kọ́ lọ́jọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ní ilé iṣẹ́ nílùú yìí, tí ẹ sì ń lo ìwé àṣẹ sponsor, ìyẹn àṣẹ ìjọba láti gba òṣìṣẹ́ láti òkèèrè. Àwọn oníjìbìtì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí mo mọ̀ tó kàgbákò, nǹkan kéékèèké tí gbogbo ọ́fíìsì mọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀ ló kó bá wọn.

Ẹ má fọwọ́ lẹ́rán torí pé ìwé kì í tán mọ́

Tí ẹ bá ti wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú ọdún 2024, ẹ ó rántí pé ọdún mẹ́rin mẹ́rin la ń tún ìwé àṣẹ ṣe, tí a sì ń sanwó rẹ̀. Láti 6 April 2024 ni ìjọba ti fòpin sí ìyẹn. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ọdún kẹrin yẹn ló máa ń lé ọ̀gá dìde kó lọ tú fáìlì, kó wo ẹni tó ti lọ àti ẹni tó kù. Nígbà tí kò sí i mọ́, eruku bo fáìlì. Láàárín July 2024 sí June 2025, ìwé àṣẹ 1,948 ni Home Office gbà padà. 937 ni wọ́n gbà ní oṣù 12 tó ṣáájú ìyẹn. Ìwé yín kò lọ́jọ́ tí yóò tán, àmọ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n lè wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sápò ẹnì kan ṣoṣo

Inú àkáǹtì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń pè ní SMS ni gbogbo ìròyìn nípa òṣìṣẹ́ ti ń dé ọ̀dọ̀ Home Office. Level 1 user ni ẹni tó ń wọlé síbẹ̀ ṣiṣẹ́. Authorising Officer ni ẹni tí ọ̀rọ̀ yóò dé bá tí nǹkan bá bàjẹ́. Ní ọ́fíìsì wa, ẹnì kan ṣoṣo ni Level 1 user, ọmọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni mowó. Ó rí físà Kánádà, a ṣe pátì fún un, a jó, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà la tó mọ̀ pé í-méèlì rẹ̀ nìkan ni lẹ́tà Home Office ń lọ sí.

Ẹ yan ẹni méjì, ó kéré tán. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ yín tó jẹ́ ọmọ ìlú tàbí tó ti gba ìwé àtigbé títí. Mo sì mọ̀ pé páṣíwọ́ọ̀dù kan náà ni ẹ̀yin, lọ́yà yín àti ọmọ yín tó ń bá yín ṣírò owó jọ ń lò. Ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Kálukú gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Tí Authorising Officer bá ti kó padà sí Ìbàdàn, kò lè wà nípò náà mọ́, nítorí Ìlú Ọba níbí ló gbọ́dọ̀ fi ṣe ibùgbé. Ọjọ́ iṣẹ́ 20 lẹ ní láti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni tí ilé iṣẹ́ bá pààrọ̀ orúkọ tàbí àdírẹ́sì.

Ẹ má fi àánú ẹnì kan pa ìyókù

Ibi tí àwa Yorùbá ti ń ṣubú jù nìyí. Arábìnrin kan kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù November, ó ti rí ilé ìtọ́jú mìíràn tó ṣèlérí fún un. Ó wá sí ọ́fíìsì lálẹ́, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ẹ má tíì sọ fún wọn. Ẹ fún mi ní oṣù méjì péré." Ọ̀gá wa wò ó, ó rántí ìgbà tí òun náà ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì láago mẹ́rin ìdájí. Ó ní kò burú. Oṣù méjì di márùn-ún. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí SMS pé abẹ́ wa ló wà, bẹ́ẹ̀ a ò sanwó oṣù kankan fún un. HMRC, iléeṣẹ́ owó orí, rí ohun tí a ń san, Home Office sì ń rí ohun tí HMRC rí.

Ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni òfin fún yín láti ròyìn pé òṣìṣẹ́ ti lọ. Àánú tí ọ̀gá ṣe yìí kò tilẹ̀ wúlò tó bó ṣe rò. Ọjọ́ 60 tí wọ́n sábà máa ń fún òṣìṣẹ́ láti wá sponsor tuntun, ìgbà tí Home Office bá kọ lẹ́tà sí i ló ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ròyìn. Lẹ́tà náà sì lè pẹ́ kó tó dé. Bí ẹ bá fẹ́ràn ọmọ ọlọ́mọ, ẹ sọ fún un kó rí ìwé tuntun gbà kó tó fiṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ kọ ìwé ẹ̀rí tó dára fún un.

Kì í ṣe ẹni tó lọ nìkan là ń ròyìn. Ẹni tí kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín ọjọ́ 28, ẹni tó pa iṣẹ́ jẹ fún ọjọ́ iṣẹ́ 10 léraléra láìgbàyè, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ dínkù, ẹni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ yí padà. Ti ìsìnkú tún wà. Bàbá ẹnì kan kú ní Ọ̀ṣun, ó gba ìsinmi tó lówó, ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò lówó kún un. Nígbà tó tún di December, ó ní òun fẹ́ lọ ṣe ìrántí, ọ̀sẹ̀ méjì, owó kò sí. Márùn-ún nìyẹn láàárín ọdún kan. Tí ìsinmi tí kò lówó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti January sí December, ẹ gbọ́dọ̀ dáwọ́ sponsor ẹni náà dúró, àfi àwọn ìdí bí ìbímọ tàbí àìsàn tí òfin yọ sílẹ̀. Ẹ ka ọjọ́ náà kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ìsinmi.

Owó tó wà lórí CoS ni kí ẹ san

CoS ni ìwé tí ẹ fi ń kọ iṣẹ́, wákàtí àti owó oṣù òṣìṣẹ́ òkèèrè ránṣẹ́ sí Home Office kó tó béèrè físà. Ó dà bíi pé ó rọrùn láti san ohun tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n káńsù tó ń fún yín ní àwọn tí ẹ ń tọ́jú gba oníbàárà mẹ́fà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kan, wákàtí iṣẹ́ dínkù, ẹ wá ń fún òṣìṣẹ́ tí ẹ kọ wákàtí 39 fún ní 22. Lójú yín, iṣẹ́ ni kò sí. Lójú Home Office, ẹ kọ iṣẹ́ tí kò sí sílẹ̀. Láàárín July 2022 sí December 2024, ìwé àṣẹ tó lé ní 470 ni wọ́n gbà padà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìtọ́jú, òṣìṣẹ́ tó lé ní 39,000 ló sì wà lábẹ́ wọn láti October 2020. Ẹ má béèrè CoS ju iye iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín, tí ìwé àdéhùn pẹ̀lú káńsù sì ń tì lẹ́yìn.

Ẹ má sì gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Owó Immigration Skills Charge, tí agbanisíṣẹ́ ń san fún ìjọba lórí òṣìṣẹ́ òkèèrè kọ̀ọ̀kan, kò sí lọ́rùn òṣìṣẹ́ láéláé. £480 lọ́dún ni fún ilé iṣẹ́ kékeré, £1,320 fún ńlá, láti December 2025. Láti 31 December 2024 ni wọ́n ti fi owó ìwé àṣẹ àti owó CoS, tó di £525 ní April 2025, kún àwọn owó tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Àwọn tó ń ta CoS ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn nínú ìjọ àti lórí WhatsApp, èmi ò bá wọn sọ̀rọ̀ níhìn-ín. Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó ní "kó kàn bá mi fi díẹ̀ sí i". Díẹ̀ náà ni wọ́n ń pè ní rírú òfin.

Tí ẹ bá ta ilé iṣẹ́, tí agbára àṣẹ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìwé àṣẹ kì í bá a lọ. Ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ béèrè tirẹ̀.

Àwòrán WhatsApp kì í ṣe ẹ̀rí

Káàdì BRP, tí àlejò fi ń ṣe ẹ̀rí ẹ̀tọ́ àtigbé àti àtiṣiṣẹ́, ti kógbá sílé. eVisa, ẹ̀rí físà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló kù. Òṣìṣẹ́ yóò fún yín ní share code, ẹ ó sì fi code náà àti ọjọ́ ìbí òṣìṣẹ́ wo ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú ìwé tí ìjọba ṣe fún agbanisíṣẹ́, ṣáájú ọjọ́ àkọ́kọ́ iṣẹ́. Ẹ fi ohun tó jáde pa mọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ wò ó. Àwòrán tí òṣìṣẹ́ yà láti orí fóònù rẹ̀ kò gbà yín. Láti February 2024, owó ìtanràn lè tó £45,000 lórí ẹnì kan tí kò ní ẹ̀tọ́ àtiṣiṣẹ́, £60,000 tó bá tún ṣẹlẹ̀.

Láti 22 July 2025 tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbígba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú láti òkèèrè, mo ń gbọ́ kí àwọn ọ̀gá máa sọ pé SMS ò wúlò mọ́. Àwọn tó wà níbí ńkọ́? Orí ìwé àṣẹ yín yẹn náà ni ìsọdọ̀tun físà wọn dúró lé.

Tiwa kò bàjẹ́ tán. Wọ́n já wa láti ipò A sí ipò B, ìyẹn ipò ilé iṣẹ́ tó ní àtúnṣe láti ṣe, a san £1,476 fún ètò àtúnṣe, a sì ní oṣù mẹ́ta láti tún un ṣe. Ká ní wọ́n gbà á pátápátá ni, kò sí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, a ó sì dúró oṣù 12 kí a tó lè béèrè òmíràn. Ìwé àkọsílẹ̀ aláwọ̀ búlúù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń po tíì báyìí. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù, kò sẹ́ni tó ń gba rota, ìwé àkókò iṣẹ́ rẹ̀, láìkọ́kọ́ kọ àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù àti déètì síbẹ̀. Arákùnrin tí mo bá gbé bẹ́ẹ̀dì ló máa ń ráhùn jù.