Tọkọtaya pẹ̀lú báàgì ẹ̀yìn: bí ẹ ṣe lè gbé ọjọ́ àkọ́kọ́ yín ní Ìjẹ̀bú-Òde

Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí èmi àti ọkọ mi sí, ní orílẹ̀-èdè Benin. Yorùbá la fi ń bára wa sọ̀rọ̀ nílé, Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé. Lọ́jọ́ tí a gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn tí a gba ẹnubodè wọ Ìdí-Ìrókò, ọkọ mi ń sọ pé ọ̀dọ̀ ẹbí là ń lọ. Àmọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, owó ọwọ́ wa kò ṣeé ná mọ́, fóònù kò lọ, orí wáyà tí a fi ń gba iná sí i kò wọ ara ògiri, ẹni tí a sì ń bá sọ Yorùbá ń bi wá léèrè pé ìlú wo la ti wá.

Mo kọ èyí fún tọkọtaya tó bá ń gbé báàgì bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde látòkèèrè, ì báà jẹ́ láti Kétu, láti Lomé tàbí láti Lọ́ńdọ̀nù. Ìmọ̀ràn mi tó ju ìyókù lọ ni pé kí ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ wá èèyàn: ẹni tí ẹ ó máa sùn sílé rẹ̀, ẹni tí ẹ ó máa ra oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí yóò máa fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé yín, ẹni tí ẹ ó máa gba owó níbi POS rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ń ki káàdì báńkì bọ̀. Ibi ìran wà níbẹ̀, kò ní í lọ.

Ẹ mú ọjọ́ tí ẹ máa wọ̀lú

Ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dára jù. Ìjẹ̀bú fẹ́ràn ayẹyẹ, ọjọ́ Sátidé sì ni ayẹyẹ máa ń pọ̀. Láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó ti ń wọlé, tí yàrá òtẹ́ẹ̀lì ń kún. Nígbà Iléyá ló tún le jù, torí ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni Ojúde Ọba, tí àwọn régberégbe, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọra, máa ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, tí àwọn ìdílé Balógun sì ń gun ẹṣin. Tí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ ti gba yàrá sílẹ̀ ṣáájú àkókò yẹn dáadáa.

Ẹ tún béèrè nípa orò àti Agẹmọ kí ẹ tó kúrò nílé. Nígbà òjò, nǹkan bí oṣù keje, ni àwọn Alágẹmọ máa ń jáde, obìnrin kì í sì í rí wọn. Ìyàwó ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí náà òun gan-an ni kó fẹnu ara rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbà yín sílé: “Màmá, ṣé nǹkan kan wà níta lọ́sẹ̀ yìí tí èmi ò gbọ́dọ̀ rí?” Wọ́n á sọ ọjọ́ àti wákàtí fún un. Kó wà nílé lásìkò yẹn, kó ti fèrèsé, kó sì má tan fóònù ya fọ́tò.

Lójú ọ̀nà

Àwa ọmọ ilẹ̀ ECOWAS kò nílò físà, ọjọ́ 90 la lè lò. Àmọ́ ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí páásípọ́ọ̀tù yín, kí ẹ sì ka déètì rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó lù ú. Káàdì pupa rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ẹ fi sí inú páásípọ́ọ̀tù. Ọ̀nà Ìdí-Ìrókò sí Ṣàngó-Ọ̀tà kún fún àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró, nítorí náà ara yín ni kí ìwé wà, kó má wọ ìsàlẹ̀ báàgì.

Láti Ṣàngó, a wọ ọkọ̀ dé Bágà ní Èkó, níbi tí a ti rí bọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú-Òde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi báàgì kọ́ wa lọ́gbọ́n. A ti jókòó tán, báàgì méjèèjì ti wọ búùtù, ni kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó wá ní owó ẹrù yàtọ̀ sí owó ọkọ̀. Ohun tó pè tó owó èèyàn kan. Kí la fẹ́ ṣe? A san án. Nílẹ̀ ni kí ẹ ti ná owó ẹrù, nígbà tí okùn báàgì ṣì wà léjìká yín. Ẹ gbìyànjú kí ẹ wọ Ìjẹ̀bú-Òde kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, kí ẹ lè fi ojúmọmọ wá yàrá.

Yàrá

Ẹnì kan jókòó ti ẹrù, ẹnì kejì lọ wo yàrá. Ẹ má jọ gbé báàgì kiri láti òtẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì. Ó ń rẹni, ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya, ẹni tó sì rí yín pẹ̀lú ẹrù lórí á mọ̀ pé ohun tí òun bá pè lẹ máa san. Èmi ni mo lọ wò ó, torí pé tó bá ti rẹ ọkọ mi, “bẹ́ẹ̀ ni” ló máa ń sọ sí gbogbo nǹkan.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi kí ẹ rí i pé ó ń yọ. Ẹ ti ilẹ̀kùn láti inú. Ẹ wo nẹ́ẹ̀tì fèrèsé bóyá ó ti ya, torí ẹ̀fọn Ìjẹ̀bú kò mọ àlejò. Ẹ béèrè pé aago mélòó ni wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀, aago mélòó ni wọ́n sì ń pa á. Níbi kan tí a kọ́kọ́ sùn, wọ́n fi ọwọ́ sọ̀yà pé iná wà. Ó wà lóòótọ́, fún wákàtí méjì. Púlọ́ọ̀gì Nàìjíríà ní ẹsẹ̀ mẹ́ta tó nípọn, onígun mẹ́rin, tiwa ní Benin ní ẹsẹ̀ róbótó méjì, ẹ ra adápítà kí alẹ́ àkọ́kọ́ tó lẹ́.

Ọjọ́ méjì péré ni kí ẹ san fún. Tí ẹ bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ má lọ bá éjẹ́ǹtì. Owó ọdún kan ni onílé sábà máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan, a ó tún san owó éjẹ́ǹtì àti owó àdéhùn lé e. Inú ilé ẹbí ni kí ẹ wá yàrá sí, níbi tí ìyá àgbàlagbà kan ní yàrá òfìfo tí ọmọ rẹ̀ ti fi sílẹ̀ lọ sí Èkó. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ kì í wà lórí fóònù. Ẹni tí ẹ ń ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa sọ ọ́ fún yín.

Owó àti fóònù

Nínú sẹ́fà, owó tí a ń ná ní Benin, ìwé owó 10,000 wà. Náírà kò kọjá ìwé 1,000. Owó tó wọ àpò kékeré ní Àjàṣẹ́ á di ìdì nígbà tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ tán. Ẹ pín in sí méjì, ìdajì lọ́dọ̀ ọkọ, ìdajì lọ́dọ̀ ìyàwó, kí ẹ sì mú owó ọkọ̀ àti omi sọ́tọ̀ sápò tó wà nítòsí ọwọ́. Ṣíṣí àkáǹtì báńkì kò rọrùn fún àlejò ọjọ́ díẹ̀ nítorí BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì máa ń béèrè, torí náà POS ni ẹ ó máa fi káàdì gbowó. Ẹyọ kan ni kí ẹ yàn, kí ẹ máa lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ọmọbìnrin tó ń ṣe tiwa máa ń pè wá tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára.

Síìmù: ọ́fíìsì iléeṣẹ́ fóònù gan-an ni kí ẹ gbé páásípọ́ọ̀tù lọ. Wọ́n á ya fọ́tò yín, wọ́n á sì gba ìtẹ̀ka. Ẹ má ra síìmù tí wọ́n ti fi orúkọ ẹlòmíràn ṣí.

Ìkíni

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó jẹun, ẹ jọ jáde síta. Ẹ má gbé báàgì, ẹ má gbé fóònù sókè. Ẹni tó bá jókòó níwájú ilé, “ẹ kú ìjókòó o”. Ẹni tó ń pàtẹ ọjà, “ẹ kú ọjà”. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, “ẹ kú iṣẹ́”. Àgbà bá wà níbẹ̀, ìyàwó á kúnlẹ̀, ọkọ á dọ̀bálẹ̀ tàbí kó tẹ̀ ba. Tí ẹ bá padà gba ibẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ tún kí wọn. Ní ọjọ́ kìíní ìkíni yín wọ́n á dáhùn, wọ́n á sì máa wò yín. Ní ọjọ́ kejì wọ́n á ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọjá lánàá nìyẹn.” Ní ọjọ́ kẹta, ẹnì kan á bi yín pé ibo lẹ dé sí, ibẹ̀ gan-an ni yàrá ti wá.

Ẹ dáhùn ìbéèrè yẹn kúnná. Ìlú tí ẹ ti wá, pé tọkọtaya ni yín, ohun tí ẹ wá ṣe, ìgbà tí ẹ máa lọ. Báàgì ńlá lẹ́yìn àgbàlagbà méjì jẹ́ ohun àjèjì, ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò lè sùn dáadáa.

Ìyàwó ni wọ́n á máa pè mí látìgbà yẹn lọ, ọmọdé àtàgbà. Nígbà kan mo pe ọkọ mi lórúkọ níwájú Màmá onílé wa, bí a ti ń ṣe nílé. Màmá rọra fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Ìyàwó, wá orúkọ kan fún un tó dùn létí àwa àgbà.” Mo ti ń pè é ní Dádì láti ọjọ́ náà, ó sì tẹ́ Màmá lọ́rùn.

Ìjẹ̀bú ní ẹnu tirẹ̀ o. Tí àwọn àgbà bá ń bára wọn sọ̀rọ̀, ìdajì rẹ̀ kò yé mi títí di báyìí. Ẹ má ṣe bí ẹni tó gbọ́. Ẹ ní kí wọ́n tún un sọ, inú wọn á dùn láti kọ́ yín.

Oúnjẹ, pàápàá gàrí

Òkè-Ajé lọjà tí a kọ́kọ́ lọ. Ẹ lọ ní àárọ̀, kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì wá oníṣòwò gàrí kan tó jẹ́ àgbà. Gàrí Ìjẹ̀bú kíkan ni, ó kúnná, ọjọ́ bíi mélòó kan ni wọ́n fi ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rírin rẹ̀ kan kí wọ́n tó yan án.

Ìyá tí mo ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ mi bí a ṣe ń wò ó. Ó bù ú sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní kí n fi àtàǹpàkò fọwọ́ kàn án: tó bá lẹ̀ mọ́ra, kò gbẹ dáadáa nìyẹn. Ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀: kíkan tó mọ́ ni kó jáde, kì í ṣe òórùn bíbu. Lẹ́yìn náà kí n da díẹ̀ sẹ́nu, kí n sì jẹ ẹ́ láì gbé e mì kíákíá. Eyín ló ń mọ̀ bí iyanrìn bá wà níbẹ̀. Nígbà tó tẹ́ mi lọ́rùn, ó mú kóńgò rẹ̀, ó rọ gàrí kún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì kó o dé orí rẹ̀ títí ó fi di òkè ṣóńṣó, tí ẹyọ rẹ̀ ń ṣàn sílẹ̀ létí kóńgò. “Ènì rẹ nìyẹn,” ó ní, ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Nígbà tí mo tún padà wá lọ́jọ́ kẹta, òun ló sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ òun ní yàrá kan tó ṣófo.

Omi tútù, ẹ̀pà, ṣúgà tí ẹ bá fẹ́, ẹja díndín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: oúnjẹ ọ̀sán nìyẹn láì da iná. Omi tí a fi rẹ gàrí gbọ́dọ̀ mọ́, torí náà omi inú ọ̀rá tó ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń yẹ oúnjẹ àti oògùn wò, ni kí ẹ lò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má fi kànga àjọlò dán ikùn yín wò. Tí Màmá bá sè ìkọ́kọrẹ́, ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Ewùrà tí wọ́n rin tí wọ́n sì fi sè nínú ọbẹ̀ ẹja elépo ni.

Ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún: ẹ jáde báyìí

Ẹ rí i pé ọ̀pọ̀ àdúgbò ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ìta”. Tí ẹ bá ti ka Ìta-Alẹ́, ẹ ó rí ìyókù. Ẹ kọ́ orúkọ mẹ́ta: àdúgbò yín, ọjà tó súnmọ́ yín àti gáréèjì tí ẹ ó gbà padà. Dérébà kẹ̀kẹ́ kò lo àwòrán ilẹ̀ orí fóònù, orúkọ ló ń lò.

Àwa, Òkè-Ẹrì la kọ́kọ́ lọ, níbi tí wọ́n ní ibojì Bilikisu Sungbọ wà, obìnrin ọlọ́lá ayé àtijọ́ tí ìtàn ìlú ní òun ló ní kí wọ́n mọ Erédò. Ẹ wo Erédò rẹ̀ bí ẹ bá lè rí ẹni tó mọ̀nà: odi amọ̀ àti kòtò tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bíi kìlómítà 160. Ibi kan wà tó ga tó mítà 20 bí ènìyàn bá dúró nísàlẹ̀ kòtò. Obìnrin kì í wọ ibi ibojì náà. Ọkọ mi bọ́ bàtà, ó tẹ̀lé ẹni tó ń mú un lọ, èmi sì dúró sábẹ́ igi pẹ̀lú obìnrin méjì tó ń ta omi. Mo bi wọ́n bóyá ó dùn wọ́n. Àgbà nínú wọn ní, “Obìnrin la sin síbẹ̀ o, ìyàwó. Ó mọ ìdí tí a fi jókòó síta.” Ọkọ mi jáde láìsọ nǹkan kan, a sì jọ rìn padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Kẹ̀kẹ́ tó gbé yín lọ kó dúró dè yín, ẹ fún un ní ìdajì owó nígbà tí ẹ dé, ìdajì nígbà tí ẹ padà, nítorí pé lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kẹ̀kẹ́ kì í wọ́pọ̀ níbẹ̀ mọ́.